Ọ̀rọ̀ Olójú-Ìwé Mẹ́tàlélógún

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá mọ ẹnìkan tó fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún òun, ẹ ka ìtàn yìí sí i létí, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe olè, kò sì pa ènìyàn rí. Ohun tó ṣe é kò ju pé ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ní àràárọ̀, ó sì gba gbogbo ohun tó rí níbẹ̀ gbọ́.

Òun ni alákòóso ètò ẹ̀kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama méje. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Alákòóso ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìtàn-Á-Rántí ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè ṣe, ìbáà ṣe pé ó ṣí fèrèsé, kí ó má sọ pé ìtàn á rántí pé òun lòún ṣí i. Igbákejì rẹ̀ a sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọdún mẹ́sàn-án ni igbákejì yìí ti ń sọ gbólóhùn kan yìí, wọ́n ti tìtorí rẹ̀ gbé e ga lẹ́ẹ̀mẹta, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sì ti di orúkọ tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n sí.

Nítorí pé Ọ̀gá kò fẹ́ kí ìtàn gbàgbé ohunkóhun, ó pàṣẹ pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde ní ọ́fíìsì náà láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún Ìtàn. Inú àpótí pákó kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ obìnrin atẹ̀wé ni Ìtàn ń gbé. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà ti wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì sì ń pè é ní Ìyá Atẹ̀wé. Bó bá ti fẹ́ tẹ ìwé, á to bébà mẹ́ta léra, á ki bébà kábọ̀n dúdú sáàárín wọn, á tẹ̀ ẹ́, á sì ju ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn sínú àpótí. Kódà, ìwé tí Ọ̀gá fi bínú sí ẹni tó mú bíírò rẹ̀ lórí tábìlì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣí àpótí yìí àfi òun nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn, nítorí a ṣì máa padà síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táwọn ọmọ wọlé fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, Tíṣà Kẹ́mísìrì wá rí Ọ̀gá. Ọdún méjìlélógún ni tíṣà yìí ti ń kọ́ kíláàsì àṣekágbá, ó sì ti mọ̀ pé ọmọ tó bá fi ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ṣeré, àárín ọ̀nà ni ìdánwò máa ká a mọ́. Ìwé olójú kan ló mú dání. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò le: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n bá a ṣètò àsìkò tí yóò máa kàwé, èyí tí kò ní dí iṣẹ́ ilé lọ́wọ́, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí òbí wá yẹ iṣẹ́ tí ọmọ mú wò, kí orúkọ sì tètè lọ sí iléeṣẹ́ ìdánwò, láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí wọ́n máa yanjú ìbéèrè ọdún tó ti kọjá láràárọ̀ Sátidé. Ó kàn fẹ́ kí Ọ̀gá pàṣẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèje ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gá ka iwájú ìwé náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń wá orúkọ ara rẹ̀ ni, kò sì rí i.

"Tíṣà," ó ní, "ìwé yìí ti ṣe pẹlẹbẹ jù. Ọlá dà nínú rẹ̀?"

Tíṣà ní àwọn ọmọ ló máa lò ó, sà.

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ọmọ tí kò bá mọ ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá fẹ̀ ẹ́, màá gbé e ga, màá fi iyọ̀ sí i. Ìtàn á rántí pé ìwé yìí wọ ọ́fíìsì mi ní ọmọ ọwọ́, ó sì jáde ní géńdé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni igbákejì wí.

Bí Ètò Ìbẹ̀rẹ̀ Ológo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé olójú kan di ọ̀rọ̀ ìfilọ́lẹ̀ olójú-ìwé mẹ́tàlélógún. Ojú ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́ sọ nípa ìgbà èwe Ọ̀gá, bó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ (irọ́ ni o, bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀). Mẹ́wàá tó tẹ̀lé e sọ nípa ọgbọ́n rẹ̀. Orí ojú ìwé kejìlélógún ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ti wọlé, kò sì pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ ń já lura. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa fi wákàtí méjì àárọ̀ kọ́ ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ọ̀rọ̀ òun títí tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n lórí, kí wọ́n má baà pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ. Ó ní kí wọ́n máa yan bíi ṣọ́jà lọ́sàn-án, kí wọ́n máa kọrin ìyìn nírọ̀lẹ́. Ó fagi lé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n á máa fi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ náà dánra wò. Èyí tó wá burú jù ni pé ó ní kí wọ́n kó ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, irinwó ọmọ ó lé méjìlá, wá sí ọ́fíìsì òun. Ìyá Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ ìdánwò ní ẹ̀dà mẹ́ta bí àṣẹ ti wí, àwọn olùkọ́ àgbà méjèèje sì buwọ́ lu ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá ti ẹ̀dà kìíní mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ní kò sí orúkọ tó lè wọ iléeṣẹ́ ìdánwò láìsí ìbuwọ́lù òun, gbangba ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ lòún sì máa bu ọwọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ni wọ́n kọ òfin yẹn sí. Bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí ẹni tó wọ kóòtù bá ti fi ohùn ńlá sọ̀rọ̀, a máa ń rò pé ó ti kà á níbì kan.

Ìyá Atẹ̀wé ní ọmọbìnrin kan nínú irinwó ó lé méjìlá náà. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló wu ọmọ yìí láti ọjọ́ tí àbúrò ìyá rẹ̀ ti rọbí mọ́ wọn lọ́wọ́ nílé, tí gbogbo wọn ń sáré kiri bí adìyẹ láìmọ ohun tí wọ́n lè ṣe, títí agbẹ̀bí kan fi dé tó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ tún gbogbo nǹkan ṣe. Ọmọ náà kò gbàgbé ohùn yẹn. Ṣùgbọ́n láìyege kẹ́mísìrì, kò sílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí tó máa gbà á, kẹ́mísìrì yìí gan-an ló sì ń lù ú mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ Sátidé ti Tíṣà ló gbójú lé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á bi í pé kí ni wọ́n ṣe lónìí. Á ní, "Ojú ìwé kẹsàn-án, Màámi." Ìyá á ní kẹ́mísìrì ńkọ́. Ọmọ á ní Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, kí ó tó kọ èkejì, wọ́n ti lu aago pé kí wọ́n bọ́ síta wá yan. Ìyá á yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ṣe tán, òun ló tẹ ojú ìwé kẹsàn-án náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló yẹ kí ìfilọ́lẹ̀ wáyé. Wọ́n sún un síwájú, nítorí nínú àwòrán tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, ayàwòrán ti ya ikùn Ọ̀gá bó ṣe rí gan-an, wọ́n sì ní kó lọ dín in kù. Wọ́n tún sún un nítorí àga Ọ̀gá kò ga ju ti àlejò pàtàkì lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọ̀gá jókòó gbọ́ orin ìyìn náà, ó ń fi ìka kà á, ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá péré ni wọ́n dárúkọ òun. Wọ́n sún un sí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ keje. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni iléeṣẹ́ ìdánwò máa ti ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Ìyá Atẹ̀wé ló rí i pé ọjọ́ méjèèjì kò bára mu. Ó wọlé tọ Ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni wọ́n máa ti ìwé. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e lẹ fẹ́ kó ìwé orúkọ fún wọn. Ọmọ mi wà níbẹ̀, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

"Ìyá Atẹ̀wé, ó yẹ kí inú yín dùn. Abẹ́ àwòrán mi lorúkọ ọmọ yín wà. Ta ni wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́? Èmi? Bí mo bá ní Ọjọ́rú, ìdánwò gan-an á dúró dè mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni igbákejì wí. "Á dúró, á sì kí yín káàbọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú bí mi bí mo ṣe ń kọ ibí yìí. Irinwó ọmọ ó lé méjìlá! Ọkùnrin kan so ọjọ́ iwájú wọn mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó ń fi í rìn kiri bí ẹ̀gbà ọrùn.

Obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì lè tẹ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ẹ̀dà kẹta ìwé orúkọ náà jáde. Lẹ́tà rẹ̀ ṣú díẹ̀ bíi ti gbogbo ìwé tó bá gba abẹ́ kábọ̀n, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà, ìbuwọ́lù àwọn olùkọ́ àgbà méjèèje sì wà níbẹ̀. Atẹ̀wé kì í wo ìwé kó má kà á dé ìsàlẹ̀. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ pátápátá, iléeṣẹ́ ìdánwò ti fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé olùkọ́ àgbà nìkan ni yóò buwọ́ lù ú, àti pé wọn kò nílò ìbuwọ́lù ẹlòmíràn.

Ó tún un kà. Ó rántí ọdún mọ́kàndínlógún tó ti fi ṣiṣẹ́, ó rántí pé bí àṣírí bá tú, ọjọ́ kan ni wọ́n máa fi lé òun lọ. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ṣùgbọ́n inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ àfi Tíṣà Kẹ́mísìrì. Ó ká ìwé náà sínú báàgì tó fi ń gbé oúnjẹ ọ̀sán, ó sì fà á lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Tíṣà wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó máa dé, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, akọ̀wé tó ń gbàwé sì ti ń fa fèrèsé rẹ̀ pa. Akọ̀wé náà ka ilé-ẹ̀kọ́ méjèèje, ó lu òǹtẹ̀, ó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ó kàn béèrè ìdí tí lẹ́tà rẹ̀ fi ṣú. Tíṣà ní inú Ìtàn ni wọ́n ti yọ ọ́. Akọ̀wé wò ó lójú, kò sì béèrè mọ́, nítorí ó fẹ́ máa lọ sílé.

Ọjọ́rú pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, òbí lápá kan, ọmọ lápá kejì. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì náà wá, géńdé mẹ́rin ló rù ú, wọ́n sì so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Àwòrán Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ. Àlejò pàtàkì ni Màmá Olùdarí, obìnrin tó ga ju gbogbo wọn lọ lẹ́nu iṣẹ́, tí iléeṣẹ́ ìdánwò pàápàá wà lábẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó kéré ju ti Ọ̀gá lọ, ó sì gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀.

Ọ̀gá dìde sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtìjú rẹ̀ rèé: àwọn ọmọ ti mọ ọ̀rọ̀ náà jù ú lọ. Bó bá ti la ẹnu, wọ́n á ti parí gbólóhùn náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó tó dé ìdajì rẹ̀. Ó yára, wọ́n yára. Ó rọra, wọ́n dúró dè é. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹfà, wọn ò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́. Irinwó ohùn ló pa pọ̀ wí pé, "Ṣé kò wá yẹ kí a dúpẹ́ pé irú mi wáyé? Dúró díẹ̀, mu omi, jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́." Ohun tó kọ sétí ìwé láti fi rán ara rẹ̀ létí náà ni wọ́n ti kọ́ sórí mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mu omi.

Màmá Olùdarí gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí ọ̀rọ̀ dúró ná. Ó nàka sí ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú. Ọmọ Ìyá Atẹ̀wé ni. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n ti kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọmọ náà dìde. "Mà, ṣé kí n sọ ohun tí wọ́n ní ká sọ ni, àbí ohun tá a kọ́?"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́."

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà yìí náà ni, Mà. Ojú ìwé mẹ́tàlélógún."

"Kẹ́mísìrì ńkọ́?"

"A ò tíì ṣí i, Mà."

Ó jókòó. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. Ọ̀gá rí i pé nǹkan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó wá sáré lọ sídìí ohun tó gbójú lé. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó ìwé orúkọ náà jáde, ó buwọ́ lù ú tìlùtìfọn, ìbuwọ́lù tó gùn ju orúkọ ẹlòmíràn lọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá Olùdarí. Ó ní ìtàn á rántí pé lónìí lòún fi ọjọ́ iwájú irinwó ọmọ ó lé méjìlá lé e lọ́wọ́.

Obìnrin náà ṣí ìwé náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀.

"Alákòóso," ó ní, "ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la ti ìwé yìí."

"Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ máa dúró dè mí, Mà."

"A ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ká ní èyí là ń retí ni, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí tó máa ṣe ìdánwò lọ́dún yìí." Ó yíjú sí àwọn òbí. "Orúkọ wọn ti wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé náà gbà kọjá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí wá ni ẹ gbé fún mi yìí?"

Ọ̀gá yí padà sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó láyà láti kó ìwé jáde lẹ́yìn òun. Lápá ẹ̀yìn, Ìyá Atẹ̀wé dìde.

"Èmi ni, sà. Inú àpótí Ìtàn ni mo ti mú un. Ẹ̀yin lẹ ní kí Ìtàn máa ní ẹ̀dà tiẹ̀."

Àwọn òbí yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan pàtẹ́wọ́, bàbá kan tẹ̀ lé e, ó wá di àtẹ́wọ́ tí wọn kò kọ sétí ìwé. Ọ̀gá fẹ́ tẹrí ba gbà á kó tó rí i pé kì í ṣe tòun.

Màmá Olùdarí béèrè pé kí ló tún wà nínú àpótí náà. Wọ́n gbé e wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀! Àṣẹ tó fagi lé ẹ̀kọ́ Sátidé, àṣẹ yíyan bíi ṣọ́jà, lẹ́tà mẹ́ta lórí ikùn inú àwòrán, lẹ́tà méjì lórí àga, àti ìwé bíírò, gbogbo wọn ló ní déètì àti ìbuwọ́lù gígùn náà. Ìwé olójú kan tí Tíṣà mú wá, tí Ìyá Atẹ̀wé fi pa mọ́ síbẹ̀, wà lábẹ́ wọn. Àṣejù baba àṣetẹ́: ìtàn rántí lóòótọ́, kò sì gbàgbé ẹyọ kan. Nígbà tí Màmá Olùdarí ń jáde, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló ń bá a gbé báàgì rẹ̀, ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Ó ṣòro díẹ̀ fún un lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́ ọn lẹ́nu kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀.

Wọn ò lé Ọ̀gá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì àti bébà ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ olójú-ìwé mẹ́tàlélógún sí, páálí lórí páálí, nítorí ó ti ní kí wọ́n tẹ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ti òbí, àti ti ẹni tí wọn kò tíì bí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì lọ sí kíláàsì Tíṣà Kẹ́mísìrì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó ń retí kí wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti ṣòfò ni wọ́n ń sáré lé, wọ́n dorí kodò, bíírò wọn ń lọ. Tíṣà kàn rọra juwọ́ sí i pé kó jẹ́ kí wọ́n parí èyí tí wọ́n ń ṣe.

Ó wá rí ohun tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ́ tónítóní ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Ọmọ Ìyá Atẹ̀wé ló gbójú sókè níkẹyìn. Yíǹkì ti yí i ní ìka, ó ti yanjú ìbéèrè kan tó ti lù ú mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò rántí bínú sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé yìí ṣì kù lọ́dọ̀ yín? Tiwa ti fẹ́ tán."

Ọ̀gá gbé páálí ṣọ́ọ̀kì náà sílẹ̀. Ó ní ó ṣì ku páálí mọ́kànlá, ó sì lọ gbé e wá.